Ọmọ Tó Ń Kàwé Nílé ní Peckham

Lẹ́tà tí wọ́n fi yọ ọmọ náà kúrò nílé ìwé kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ìbínú sì pọ̀ nínú tirẹ̀, ni ìyá bá gbà á, ó tún un kọ bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀gá níbi iṣẹ́: ọmọ wa kò ní padà wá lẹ́yìn ìsinmi ọdún, a ó máa kọ́ ọ nílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yọ orúkọ rẹ̀, ẹ ṣeun fún ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọbìnrin ni, ó pé ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́rin nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò tíì pé ọdún méjì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ tó wà nílé ìwé gbogbogbòò, kíkọ lẹ́tà báyìí ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1996, ní abala keje, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tó kún, tó bá ọjọ́ orí àti ẹ̀bùn rẹ̀ mu, yálà nípa lílọ sílé ìwé déédéé tàbí lọ́nà mìíràn. "Lọ́nà mìíràn" yẹn ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé dúró lé. Kò pọn dandan kí òbí tẹ̀lé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìjọba náà kò sì ní fún un ní kọ́bọ̀. Tó bá dìgbà ìdánwò ńlá, òbí ni yóò san owó rẹ̀. Káńsù lè kọ̀wé béèrè ohun tí ọmọ ń kọ́, tí ìdáhùn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lè pàṣẹ kó padà sílé ìwé. Irú òfin báyìí máa ń yí padà o. Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ káńsù tirẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbòmíràn mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà gbogbo ìpínlẹ̀ ló gbà á, àmọ́ kálukú ló ní òfin tirẹ̀: Texas kì í béèrè ohun púpọ̀, New York fẹ́ rí ètò ẹ̀kọ́ lórí ìwé, ó sì fẹ́ ìròyìn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ní Brazil, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2018 pé òbí kò lè ṣe é níwọ̀n ìgbà tí kò sí òfin tó là á sílẹ̀. Ohun tí oníṣẹ̀ṣe lè dì mú níbẹ̀ ni òfin 10.639 ti 2003, tó sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní ìtàn àti àṣà Áfíríkà. Ìyẹn ni pé inú ilé ìwé gan-an ni ìjà tiwọn wà.

Ohun tó fa lẹ́tà ti Peckham yìí ni ìdè. Ìdè Ifá ni, otútù-opọ̀n, tí babaláwo fi sí ọrùn ọwọ́ òsì ọmọ nígbà tí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ńtáyé rẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fi okùn tuntun sín bó ṣe ń dàgbà. Òfin ilé ìwé ni pé ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ohun ọ̀ṣọ́. Tíṣà kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí wọ́n máa bọ́ ọ lọ́jọ́ eré ìdárayá, kó má baà fa ìpalára. Ìyá fi báńdéèjì wé e, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, ó ń fọ aṣọ, ó bá ìdè nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Ó bi í pé ta ló bọ́ ọ. Ọmọ ní òun ni. Tí wọ́n bá ti dé ẹnu géètì lòun máa ń bọ́ ọ, tí òun bá ti rí màmá òun nírọ̀lẹ́, òun á wọ̀ ọ́ padà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ gbogbo rẹ̀, nítorí ó ti tó oṣù méjì tí kò fi Yorùbá dá wọn lóhùn mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ilé ìwé ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá ì bá mọ bí yóò ṣe jà. Ọ̀nà wà. Ní 2008, ilé ẹjọ́ gíga dá ọmọbìnrin Sikh kan láre nígbà tí ilé ìwé rẹ̀ ní Wales kò jẹ́ kó wọ kara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta lèèyàn fẹ́ pè lẹ́jọ́ nígbà tó jẹ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ìdè? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó wo àyíká rẹ̀, ó rí i pé tòun nìkan ló yàtọ̀, ó sì wá ọgbọ́n dá sí i. Ọmọ ọdún márùn-ún.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá, nọ́ọ̀sì ni ìyá. Bàbá ní kí wọ́n yọ ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá ní ta ni yóò dúró tì í? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fà á. Níkẹyìn ìyá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí alẹ́ Friday àti Saturday, bàbá sì gba òwúrọ̀ kùtùkùtù láàárín ọ̀sẹ̀. Owó tó ń wọlé dín kù, ó sì dín kù gan-an. Ẹni tó bá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ òbí pé ìfẹ́ ìṣẹ̀ṣe nìkan tó láti fi kọ́ ọmọ nílé, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèló ni owó ilé wọn.

Ìyá àgbà, tó bí ìyá ọmọ, wà ní Abẹ́òkúta. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí olórí ilé ìwé. Ọmọ ìjọ sì ni, kò fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún un lórí WhatsApp, ó dákẹ́ títí wọ́n fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Ìwọ tí a ta ilẹ̀ kí o lè kàwé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan nínú wa máa ń dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pé ilé ni àwọn baba wa ti kọ́ ọmọ kí òyìnbó tó dé. Òótọ́ ni, kò sì pé. Ọmọ tó ń kọ́ Ifá máa ń lọ gbé lọ́dọ̀ olúwo fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò máa gbé àpò, yóò máa já ewé, yóò máa jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń dáfá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fín ewìrì. Àmọ́ agboolé ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìyá kan ṣoṣo. Bí ìyá bá lọ sọ́jà, ìyá àgbà wà, ìyàwó ilé wà, ẹ̀gbọ́n wà. Fúláàtì tó wà ní àjà kẹta, tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣọ́ ọmọ méjì nínú rẹ̀ láti aago méje, kì í ṣe agboolé. Ẹni tí kò bá ro ìyàtọ̀ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀, àárẹ̀ ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní nìyẹn. Ìyá ra pátákó funfun, ó ra ìwé iṣẹ́ ṣíṣe, ó lẹ ètò mọ́ ara fíríìjì: aago mẹ́sàn-án ìṣirò, aago mẹ́wàá kíkà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di aago mẹ́ta. Àbúrò kò mọ̀ nípa ètò. Ó kó ẹ̀wà tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò sínú imú, ó fi bírò kọ ara ògiri, tí wọ́n bá gbé e kúrò lórí tábìlì, ó máa ń ké títí ará ìsàlẹ̀ á fi kan àjà. Ní Friday kejì, ìyá àti ọmọbìnrin jọ sunkún lórí ọ̀rọ̀ yíyọ méje kúrò nínú méjìlá.

Ìyá àgbà ló là á. Kò tíì gbà pé ohun tí wọ́n ń ṣe dára, ṣùgbọ́n tíṣà ni, kò lè gbọ́ ẹkún kó dákẹ́. Ó ní ta ló ní kí wọ́n jókòó títí di aago mẹ́ta? Tíṣà tó ní ọgbọ̀n ọmọ níwájú ló ń fi odidi òwúrọ̀ ṣe ohun tí ọmọ kan ṣoṣo lè ṣe láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún kékeré ní tirẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n ti bá ṣeré yó kì í jà fún àyè. Láti ìgbà náà, àbúrò ló ń gba àárọ̀: wọ́n á gbé bàsíà omi àti ife sílẹ̀ fún un, wọ́n á jọ lọ sí ọgbà ìṣeré, tí ó bá di ọ̀sán, ìyá á fi ọ̀já pọ̀n ọ́n títí yóò fi sùn. Ìgbà tó bá sùn ni ìwé ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan, nígbà mìíràn wákàtí kan àbọ̀. Wọ́n yọ ètò aago mẹ́sàn-án kúrò lára fíríìjì.

Èyí tó kù lórí ètò náà ló le jù. Ìyá ti kọ "Ìṣẹ̀ṣe" sí aago méjì ọ̀sán. Nígbà tí aago méjì lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó ti ọmọ, kò sì mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ó ka orúkọ òrìṣà fún un bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì, ọmọ ń yán. Lọ́jọ́ kẹta ọmọ bi í pé, "Màmi, ẹ̀yin ńkọ́, nígbà wo lẹ máa ń ṣe é?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo. Ifá wà nílé wọn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà balùwẹ̀. Wọ́n máa ń ṣí i tí ọdún bá dé, tàbí tí ìṣòro bá dé. Bàbá máa ń ta omi sílẹ̀ fún Èṣù ní ìkánjú lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Ìyá máa ń bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn, lórí bọ́ọ̀sì. Kò sí èyí tí ọmọ lè rí nínú rẹ̀. Ó ń rí i pé àwọn òbí òun ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń san owó iná, wọ́n ń wo fóònù. Ìwọ̀nyí ló mọ̀ pé wọ́n ń ṣe. Ilé ìwé kọ́ ló kọ́kọ́ fi ìdè pamọ́, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́.

Ni wọ́n bá gbé Ifá kúrò ní kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí igun pálọ̀, lórí àga gíga tí ọwọ́ àbúrò kò lè dé. Lọ́jọ́ tí bàbá kò bá jáde ní kùtù, òun ló ń júbà. Lọ́jọ́ tó bá ti lọ, ìyá ni. Kì í gùn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ohùn ń jáde. Iṣẹ́ ọmọ ni láti bu omi tútù wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n bá gbàgbé, òun ló ń rán wọn létí. Gbogbo "Ìṣẹ̀ṣe: aago méjì" kò sí mọ́, kò sì sẹ́ni tó wá a.

Láti ibẹ̀ ni ìṣirò ti bọ́ sí ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó pète rẹ̀. Bàbá fẹ́ kí ọmọ mọ ọjọ́ òrìṣà, ó mú kàlẹ́ńdà kan, ó sì fún un ní kíréyọ̀nù mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, torí funfun kò hàn lórí ìwé, ọjọ́ Awo ní yẹ́lò, ọjọ́ Ògún ní àwọ̀ ewé, ọjọ́ Jàkúta ní pupa. Ọmọ ń kùn ún lọ láti oṣù Kejì. Lọ́jọ́ kan ó sáré wọ ilé ìdáná pé Ifá ti padà sórí Monday. Wọ́n jọ kà á: ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó wo Ògún, òun náà gba ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Jàkúta náà. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wá òrìṣà tí yóò tètè padà, kò rí. Ìgbà yẹn ni ìyá fi ẹ̀wà hàn án pé ọ̀nà mẹ́rin ti méje àti ọ̀nà méje ti mẹ́rin kò yàtọ̀ síra. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ kò tíì dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó bi ìyá àgbà ní ohun tí ìyá kò mọ̀ láti dáhùn: bí ọ̀sẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, kí ló dé tí màmá máa ń pè é ní ọ̀rún? Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun kéré, ọ̀rún-ọ̀rún ni wọ́n ń ná ọjà, ẹni tó bá ná ọjà lónìí, òní náà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ kíkà: òní, ọ̀la, ọ̀tunla, títí dé ọjọ́ tí ọjà tún pé, ó di márùn-ún. Ó ní òyìnbó kì í ka òní, Yorùbá ń kà á. Ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ, kò dárúkọ òrìṣà kankan. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè ní gbogbo Tuesday àti Thursday, ní aago tí àbúrò bá ń sùn. Ó fi Aláwìíyé ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó kọ́ ọ ní oókàn, eéjì, ẹẹ́ta. Ó jẹ́ kó rí i pé láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá ni, àmọ́ bó bá ti di márùndínlógún, ogún là ń wò, a sì ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó sunkún lórí yíyọ méje kúrò nínú méjìlá ní oṣù Kìíní wá ń pe mẹ́tàdínlógún láìrò ó pé ìyọkúrò ni òun ń ṣe. Bàbá ra ọpọ́n ayò kan: ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ ayò ni wọ́n fi ń ka ohun tí wọ́n bá fẹ́ kà. Ikin kì í kúrò ní àyè rẹ̀ wá sórí tábìlì, ọmọ sì mọ ìdí: ìyẹn kì í ṣe ohun ìṣeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ojú odù mẹ́rìndínlógún. Ó mọ̀ wọ́n lórí nítorí ó ń gbọ́ wọn, wọn kò sì tì í kọjá ibẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti awo yóò dúró de ìgbà rẹ̀ àti ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ọ.

Kíkà Yorùbá yá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, kì í yí i padà. Bàbá ń fi ìka lu tábìlì, dò, rè, mí, fún àmì ohùn. Àwòrán kan wà lára ògiri wọn tí ọmọ yà: ọkùnrin kan jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ọkọ màmi ń wa ọkọ̀." Àmì rẹ̀ pé.

Nígbà tó ka orúkọ ojú odù fún ìyá àgbà lórí fóònù, ìyá àgbà ní, "Ó káre, ó tó bẹ́ẹ̀." Ààlà tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tì í. Àmọ́ ní oṣù Karùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní oríkì ìdílé wọn. Òrìṣà wà nínú oríkì náà, bó ṣe wà nínú ti gbogbo ilé. Ìyá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ibi tí ìyá rẹ̀ yóò fò. Kò fo ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni gbogbo èèyàn ń bi wọ́n: ta ni ọmọ yóò bá ṣeré? Ní ọjọ́ Wednesday, àwọn ìdílé tó ń kọ́ ọmọ nílé máa ń pàdé ní Burgess Park. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, àwọn tí kò ṣe ohunkóhun wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ó ní kí nìyí? Ìyá wà nítòsí, ó fẹ́ dáhùn, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọmọ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ti Ọ̀rúnmìlà ni. Ọmọkùnrin ní ta nìyẹn? Ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yan orí ni, ẹni tó mọ èyí tí kálukú yàn. Ọmọkùnrin ní ṣé ó mọ tèmi? Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n màmá ẹ ló máa lọ bèèrè." Wọ́n sì sáré lọ sídìí àkàbà.

Ní oṣù Kẹfà lẹ́tà káńsù dé. Bàbá kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ti bá Home Office ṣe ìwé rí mọ bí àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Ìyá kọ ojú ewé mẹ́ta: ohun tí ọmọ ń kà, ìṣirò rẹ̀, ilé ìkàwé tí wọ́n ń lọ, lílúwẹ̀ẹ́, ewé tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò lójú fèrèsé. Wọ́n tún lọ sí British Museum, níbi tí orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 wà, ọmọ sì ya á. Ó kọ nípa ẹ̀sìn wọn náà, ní ìlà méjì, láìbẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan wá láti káńsù. Ó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé, ó béèrè ohun tí àwọ̀ ara kàlẹ́ńdà túmọ̀ sí, ọmọ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé. Àbúrò kó ọmọ ayò sí i lọ́wọ́. Ó mu tíì, ó lọ. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé àwọn yóò tún béèrè lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìsinmi wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdá. Obì abàtà olójú mẹ́rin ni ìyá fẹ́ lò, ìyẹn tí wọ́n máa ń rà ní Rye Lane. Ọmọ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pé bí méjì bá ṣí tí méjì dé, ìdajì ni. Ṣùgbọ́n ó ti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun lè padà sílé ìwé tí òun bá pé ọmọ ọdún méje. Bàbá ní àwọn á bi Ifá. Ìyá ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀ ní ìdí tó fi fẹ́ lọ. Wọ́n bi í. Ó ní nítorí bọ́ọ̀lù ni.